Ẹ Yí Àwòrán Náà Padà Kí Ẹ Tó Béèrè Iye Rẹ̀

Òǹkàwé wa kan kọ̀wé pé: "Nígbà tí a pín ogún ìyá tó bí bàbá wa, àwòrán kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Odò kan ni wọ́n yà sí i, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi méjì àti igi ńláńlá létí bèbè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ṣókùnkùn, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ń ṣí ní igun kan. Ẹni tó yà á buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n H àti M nìkan ni mo rí kà. Mo wá a títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, n kò rí nǹkan kan. Bébà kan tó ti fàya lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sára igi rẹ̀. Àbúrò mi ní kí a fi ọṣẹ àti omi nù ún kó lè tàn. Ọkùnrin kan tó ń ra ohun àtijọ́ ní òun yóò san owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yà á, èló ló sì tó?"

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá àgbà. Ohun méjì wà tí kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ẹ bá ka ìdáhùn yìí tán, àwọn ni n ó sì kọ́kọ́ sọ. Ẹ má jẹ́ kí ọṣẹ tàbí omi kan àwòrán náà. Ẹ má sì tíì tà á fún ọkùnrin yẹn.

Ìpele-ìpele ni àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà olóròóró yà. Aṣọ kánfáàsì ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n á fi àtè pa aṣọ náà lójú, wọ́n á kun ẹfun tàbí ọ̀dà funfun lé e, ayàwòrán á wá fi àwọ̀ tirẹ̀ lé ìyẹn, fáníìṣì ló sì máa ń kẹ́yìn. Tí ọ̀dà bá ti gbó, ó máa ń sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí omi bá gba ojú ibi tó sán yẹn wọlé, àtè ìsàlẹ̀ á mu ún, á wú, ọ̀dà orí rẹ̀ á sì gbé sókè, á jábọ́. Ìbuwọ́lù ló wà nínú ewu jù, torí òun ni ayàwòrán sábà máa ń kọ kẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀dà fẹ́lẹ́. Mo ti rí àwòrán tí wọ́n fi kànìnkànìn fọ̀, tí orúkọ ẹni tó yà á bá omi lọ pátápátá. Àwọn kan á tún ní kí ẹ fi ọ̀dùnkún tàbí búrẹ́dì nù ún; èérún rẹ̀ á kù sínú ibi tó sán, kòkòrò àti èéhù á sì bá a níbẹ̀.

Pípọ́n tó pọ́n yẹn lè má ṣe ti ọ̀dà rárá. Fáníìṣì tí wọ́n fi oje igi ṣe máa ń pọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, èéfín àti eruku á sì tún lẹ̀ mọ́ ọn. Onímọ̀ àtúnṣe àwòrán lè ṣí i kúrò: á kọ́kọ́ fi òwú díẹ̀ dán èròjà rẹ̀ wò ní ibi kékeré kan, kó tó fọwọ́ kan ìyókù. Ṣùgbọ́n kò tíì yá. Ohun tó yá ni kí ẹ gbé àwòrán náà dùbúlẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ sókè, ní yàrá tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà tí kò sì lọ́rinrin. Ẹ má lẹ nǹkan mọ́ ọn, ẹ má sì fi ọ̀rá wé e. Bí èérún ọ̀dà kan bá já bọ́, ẹ kó o sínú àpòòwé kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Alátùn-únṣe lè dá a padà sí àyè rẹ̀.

Ní ti ọkùnrin yẹn, ó lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra nǹkan kò lè jẹ́ adíyelé fún ẹni tó fẹ́ tà á. Bí àwòrán náà kò bá níye lórí, dídúró oṣù díẹ̀ kò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ yín. Bó bá sì níye lórí, ìkánjú ni yóò gbà á. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ó pè é.

Ìbéèrè méjì lẹ bi mí, ṣùgbọ́n inú ọ̀kan ni èkejì ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ tó ń kọ̀wé sí mi fẹ́ kí n sọ iye kí n tó sọ orúkọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn orúkọ ni iye ń tọ̀. Pé íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ ẹni yìí kò túmọ̀ sí pé ẹni náà kò mọṣẹ́. Àìmọye ayàwòrán ló kọ́ṣẹ́ yanjú, tó ń gbé iṣẹ́ wọn lọ sí ìpàtẹ lọ́dọọdún, tí wọ́n rí tà, tí wọ́n sì kú láìsí ẹni tó kọ ìwé kan nípa wọn. Inú ìwé àtòjọ àwọn ìpàtẹ wọ̀nyẹn ni orúkọ wọn kù sí, àti inú ìwé orúkọ àwọn olùgbé ìlú, àti inú àkọsílẹ̀ àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Irú ibẹ̀ la ó ti wá ẹni tiyín.

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dá wa lójú pé ọwọ́ ènìyàn ló yà á. Ní ọ̀rúndún 19, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ jáde, wọ́n á kun fáníìṣì lé e, wọ́n tilẹ̀ máa ń tẹ ìlà aṣọ kánfáàsì sí i lójú kó lè jọ ojúlówó. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ ẹ́ sára kánfáàsì gidi, wọn á sì fi jẹ́ẹ̀lì tó mọ́ gaara fa ìlà búrọ́ọ̀ṣì lé e lórí. Ẹ wá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, kí ẹ fi wo ojú ọ̀run àti ojú omi inú àwòrán náà. Bí ẹ bá rí àmì wínníwínní tó tò lọ bákan náà, ìtẹ̀jáde ni. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀dà ti ga, tí irun búrọ́ọ̀ṣì ti fà á, tí àwọ̀ kan gun orí òmíràn, ọwọ́ ènìyàn ni. Ọ̀dà tí ẹ ní ó ń ṣí ti mú kí ọkàn mi tẹ̀ sí i pé àwòrán gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ wò ó síbẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo máa ń wò pẹ́ jù, pàápàá bí n kò bá mọ ẹni tó yà á. Ohun tí ayàwòrán fẹ́ kí a rí ló wà lójú; gbogbo ọwọ́ tí àwòrán ti gbà kọjá ló fi àmì sí ẹ̀yìn: ẹni tó ta kánfáàsì, ẹni tó kan férémù, ìpàtẹ tí wọ́n gbé e lọ, ilé gbàǹjo tó tà á. Ẹ má dojú rẹ̀ dé o, nítorí ọ̀dà tó ń ṣí. Kí ẹni méjì gbé e dúró, kí ẹni kẹta ya fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀ látòkè délẹ̀, kó tó wá sún mọ́ àmì kọ̀ọ̀kan.

Bébà tó fàya yẹn ni mo fẹ́ rí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣí i kúrò. Ẹ da gbogbo lẹ́tà tó kù lára rẹ̀ kọ sínú ìwé, títí kan èyí tó kù ìdajì. Bó bá jẹ́ bébà ìpàtẹ, ó sábà máa ń gbé orúkọ ayàwòrán, àdírẹ́sì rẹ̀, àkọlé àwòrán, nígbà míràn iye tó fẹ́ tà á pàápàá. Ìdajì àdírẹ́sì àti ọ̀rọ̀ méjì lára àkọlé ti tó bí ìwé àtòjọ ìpàtẹ yẹn bá ṣì wà. Royal Academy ti London, bí àpẹẹrẹ, ti ń ṣe ìpàtẹ lọ́dọọdún láti 1769, ìwé àtòjọ wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ wò. Salon ti Paris náà ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ayàwòrán kéékèèké ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wà ní ilé ìkàwé ìlú wọn títí dòní. Àdírẹ́sì ló níyelórí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ló lè máa jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ó ṣòro kí méjì nínú wọn gbé ilé kan náà lọ́dún kan náà.

Ó sì lè jẹ́ bébà ẹni tó kan férémù. Ìyẹn kò sọ ẹni tó ya àwòrán, àmọ́ ó ń sọ ìlú, ó sì ń sọ ìgbà, torí àwọn oníṣòwò máa ń kó láti òpópónà kan lọ sí òmíràn, àkọsílẹ̀ sì wà nípa ọdún tí wọ́n lò níbi kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni òǹtẹ̀ oníkánfáàsì. Ẹ wò ó bóyá òǹtẹ̀ wà lára aṣọ náà níbi tí igi kò ti bò ó. Winsor & Newton, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1832, máa ń lu orúkọ àti àdírẹ́sì wọn mọ́ ẹ̀yìn kánfáàsì; èyí tó bá gbé orúkọ wọn kò lè ṣáájú ọdún yẹn. National Portrait Gallery ti London ní àtòjọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa àwọn tó ta ohun èlò fún ayàwòrán ní Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1650 sí 1950. Fún Paris, Guide Labreuche ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún 1790 sí 1960. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì, mo sì ń lò wọ́n déédéé.

Nọ́ńbà ara igi ńkọ́? Bí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́, ó lè jẹ́ ti gbàǹjo kékeré tàbí ti ẹni tó kan férémù, ó sì lè má mú wa débì kankan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ nọ́ńbà dúdú tí wọ́n kùn gba inú pátákó onílẹ́tà, inú mi á dùn. Christie's, ilé gbàǹjo ńlá kan, ti ń fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìn àwòrán tó bá wọ ọ̀dọ̀ wọn láti ìgbà pípẹ́. Bó bá jẹ́ tiwọn, ẹ lè kọ̀wé sí ibi ìkówèépamọ́ wọn ní London pé kí wọ́n bá yín wo ọjọ́ tí wọ́n tà á àti orúkọ tí wọ́n fi tà á.

Ẹ wo igi tí wọ́n na kánfáàsì mọ́ pẹ̀lú. Igi pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n há sí igun kí aṣọ lè máa le, àárín ọ̀rúndún 18 ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀. Pínnì tí wọ́n fi ìbọn ta dípò ìṣó jẹ́ àṣà ọ̀rúndún 20, pàápàá láti bí ìdajì rẹ̀ wá. Ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́ ṣá, torí wọ́n lè tú àwòrán àtijọ́ kí wọ́n tún un nà sórí igi tuntun. Mo ti bá ẹni tó fẹ́ da àwòrán dáadáa nù torí pínnì pàdé.

Ẹ padà wá sí ojú rẹ̀ wàyí. Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ìbuwọ́lù náà láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa ya fọ́tò bí ẹ ti ń yí ìmọ́lẹ̀ ká. Lórí fóònù, ẹ sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun, kí ẹ jẹ́ kí dúdú rẹ̀ dú sí i. Lẹ́tà tí ojú lásán kò rí máa ń yọ nígbà míràn. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ má fi èrò parí ohun tí kò hàn. H yín lè jẹ́ A tí orí rẹ̀ kò pàdé, ó lè jẹ́ N. M lè jẹ́ W, ó sì lè jẹ́ lẹ́tà méjì tó so pọ̀. Ẹ kọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ sílẹ̀. Kì í ṣe Google ni ẹ ó bi léèrè, torí kò mọ ohun tó ń ṣe pẹ̀lú ìdajì orúkọ. Inú ìwé atúmọ̀ àwọn ayàwòrán ni ẹ ó lọ. Bénézit, tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1911, àti Thieme-Becker ti àwọn ará Jámánì, tí wọ́n tẹ̀ láàárín 1907 sí 1950, ni a máa ń kọ́kọ́ ṣí. Àwọn ìwé tó dá lé ìbuwọ́lù àti lẹ́tà ìkékúrú nìkan tún wà. Ilé ìkàwé ńlá tó bá ní ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà kò ní ṣaláìní ọ̀kan nínú wọn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, RKD, ilé ìwádìí ìtàn iṣẹ́ ọnà ní ìlú The Hague ní Netherlands, ṣí àkójọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Getty ní Amẹ́ríkà náà sì ní àtòjọ orúkọ ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní ULAN.

Ẹ má ro pé ọkùnrin ni dandan. Obìnrin púpọ̀ ló fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan buwọ́ lùwé kí ẹni tó ń ra iṣẹ́ má baà mọ̀ pé obìnrin ni. Àwọn míràn lo orúkọ bàbá wọn kí wọ́n tó lọ́kọ, wọ́n wá lo orúkọ ọkọ lẹ́yìn náà, àwọn òǹkọ̀wé sì kà wọ́n sí ẹni méjì. Judith Leyster, ayàwòrán ará Netherlands, kú ní 1660. Fún ohun tó lé ní igba ọdún, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yìn, pàápàá Frans Hals, ayàwòrán olókìkí ará ìlú rẹ̀. Ní 1893 ni Cornelis Hofstede de Groot, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, rí J àti L tó so mọ́ ìràwọ̀ kékeré kan lára àwòrán tí wọ́n ti tà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ Hals. Lẹ́tà méjì àti ìràwọ̀ ló dá a padà sáàárín àwọn tí a mọ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má fojú kéré H àti M tiyín.

Síbẹ̀, ìbuwọ́lù nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ó rọrùn láti kọ orúkọ sára àwòrán tí kò lórúkọ. Ẹ fi awò wò ó: bí ọ̀dà lẹ́tà náà bá ṣàn wọ inú ibi tó sán, lẹ́yìn tí àwòrán ti gbó ni wọ́n kọ ọ́. Iná ultraviolet ń ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Fáníìṣì àtijọ́ máa ń tàn bí àwọ̀ ewé lábẹ́ rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì kùn lé e lórí láìpẹ́ yìí máa ń dúdú. Bí ọ̀rọ̀ bíi "after" tàbí "d'après" bá ṣáájú orúkọ, àdàkọ ni wọ́n ṣe láti ara iṣẹ́ ẹni yẹn. Ohun kan tún wà tí àwọn ajogún kì í fẹ́ gbọ́: ilé iṣẹ́ wà tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti ń ya odò àti òkè kan náà lójoojúmọ́ fún ọjà, tí wọ́n á sì fi orúkọ tí wọ́n hùmọ̀ buwọ́ lù ú. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn kò sí rí. Abúlé Dafen ní Shenzhen, ilẹ̀ China, lókìkí kárí ayé fún yíya àwòrán lọ́pọ̀ yanturu fún títà, òun nìkan kọ́ sì ni. Bí ẹ bá rí àwòrán tó jọ tiyín gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orúkọ kan náà, ní ibi mẹ́ta mẹ́rin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú èyí.

Àwọn àwọ̀ náà ń jẹ́rìí. Funfun titanium kò dé ọwọ́ ayàwòrán títí di nǹkan bí 1920. Búlúù phthalo dé ní 1935. Ọ̀dà acrylic tí wọ́n ń fi omi pò dé sórí igbá ní àwọn ọdún 1950. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwòrán jẹ́ ti 1850, tí wọ́n sì bá funfun titanium nínú ojú ọ̀run rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò tún ṣe, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí ń náni lówó. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ àfi bí orúkọ tó bá jáde bá jẹ́ ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pa owó gidi.

Ẹ̀rí kan wà tí kò náni ní nǹkan kan, tó sì ń tètè parẹ́ ju gbogbo ìyókù lọ, ìyẹn ohun tí àwọn àgbà ilé yín mọ̀. Ta ló fún ìyá àgbà ní àwòrán náà? Ṣé wọ́n rà á ni? Ọdún wo ló ti wà lára ògiri? Ẹ bi àwọn tó bá wọn gbé, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan má baà yí ti ẹnì kejì padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Ẹ yẹ àwọn fọ́tò ìdílé wò: bí ẹ bá rí àwòrán náà lẹ́yìn àwọn tó jókòó ya fọ́tò ìgbéyàwó kan, ẹ ti ní ọdún kan tó dájú. Rìsíìtì, lẹ́tà, ìwé àdéhùn ìbánigbófò, gbogbo rẹ̀ ló wúlò. Ní gbàǹjo, àwòrán tí a mọ bó ṣe ti ọwọ́ dé ọwọ́ máa ń borí ìkejì rẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ já sáàárín ọ̀nà.

Ó tó àkókò kí a sọ̀rọ̀ owó. Ẹ ó ti gbọ́ ìtàn ìdílé kan ní Texas tí àwòrán obìnrin kan wà nílé wọn láìmọ̀ pé ẹni ńlá ló yà á, títí wọ́n fi tẹ orúkọ ara rẹ̀ sórí Google. Iṣẹ́ Ben Enwonwu ni, "Christine", tó yà ní 1971. Ilé gbàǹjo Sotheby's ti fojú díwọ̀n rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 sí 150 pọ́n-ùn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tà á ní London ní oṣù kẹwàá 2019, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Inú mi dùn sí ìtàn yẹn gan-an. Àmọ́ ayàwòrán tí ayé mọ̀ ni Enwonwu, ìdílé náà ni kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀: bí a bá tilẹ̀ rí orúkọ H. M. yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ tí àwọn tó ń rajà kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwòrán odò àti igi tí ayàwòrán tí kò lókìkí yà kì í pa ju owó kékeré lọ, nígbà míràn férémù rẹ̀ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. N kò fẹ́ kí ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín ti máa pín owó tí kò tíì sí.

Bí orúkọ bá jáde, ẹ wá àkọsílẹ̀ títà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Artnet, Artprice, Invaluable tàbí MutualArt. Owó tí wọ́n tà á gan-an ni kí ẹ wò, kì í ṣe owó tí ẹnì kan ń bèèrè fún un nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń tà lè bèèrè ohunkóhun. Ẹ fi odò wé odò, ọ̀dà olóròóró wé ọ̀dà olóròóró, ńlá wé ńlá. Títà kan ṣoṣo tó ga kò sọ nǹkan kan, torí ẹni méjì péré ló ń fa irú owó bẹ́ẹ̀ sókè. Ẹ tún kíyè sí i pé owó tí òòlù gbàǹjo fìdí múlẹ̀ yàtọ̀ sí owó tí ẹni tó rà á san: ilé gbàǹjo máa ń fi owó tiwọn lé e, ó sì lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Làádà tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ tà tún wà lọ́tọ̀. Bí ìwé àtòjọ wọn bá sì sọ pé àwòrán kan "bears signature" dípò "signed", ohun tí wọ́n ń sọ ni pé orúkọ wà lára rẹ̀, àmọ́ lójú tiwọn, ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́.

Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan, ohun tí àwòrán yà, bí ọwọ́ ẹni tó yà á ti mọ́ tó, ìwọ̀n rẹ̀ àti ipò tó wà ni a ó fi díye lé e. Ibì kan sì wà tí ayàwòrán tí kò lókìkí ti máa ń níye lórí ju ibòmíràn lọ: ìlú tó gbé, tàbí odò tó yà. Àwọn ará ibẹ̀ mọ bèbè yẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn lè fẹ́ ẹ. Ilé gbàǹjo kékeré ibẹ̀ lè rí olùrà mẹ́ta níbi tí ilé gbàǹjo ńlá kò ti ní rí ẹyọ kan. Ìdí nìyí tí mímọ odò inú àwòrán yín fi ṣe pàtàkì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mímọ orúkọ. Ẹ wo ìrísí ọkọ̀ ojú omi yẹn dáadáa, ilé tó bá wà lẹ́yìn, afárá, òkè. Onímọ̀ ọkọ̀ ojú omi lè fi ìgbòkun nìkan mọ etíkun tí ọkọ̀ ti wá.

Nígbà tí ẹ bá wá adíyelé, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi iye náà ṣe. Àwòrán kan lè ní iye mẹ́ta láìsí irọ́ nínú ìkankan: iye ìbánigbófò, tó máa ń ga jù, torí owó tí ẹ máa fi wá irú rẹ̀ rà padà ni; iye ọjà fún pípín ogún; àti iye títà kíákíá, tó kéré jù. Ẹ gbà á ní kíkọ sílẹ̀. Kí adíyelé gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní iye kan pàtó tàbí ní wákàtí. Ẹni tó bá ní òun ó gba ìdá kan nínú iye àwòrán, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo á fojú díwọ̀n rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ara fọ́tò, nítorí náà ẹ bi ju ẹyọ kan lọ. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá àtúnṣe yóò mú owó wá, torí owó alátùn-únṣe lè ju iye àwòrán fúnra rẹ̀ lọ. Dídá ọ̀dà tó ń ṣí dúró ni mo kà sí dandan, torí bí ọ̀dà bá já tán, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ tà mọ́.

Kí ẹ tó tà á, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ wá a nínú àkójọ ohun tí wọ́n jí. Interpol ní ohun èlò orí fóònù kan láti 2021, ID-Art lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. N kò fura sí ìyá àgbà. Àwòrán lè ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kó tó kàn wọ́n. Ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì tàbí aṣọ fún títà. Àwòrán lẹ jogún, ẹ kò jogún ẹ̀tọ́ àdàkọ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọwọ́ àwọn ọmọ ayàwòrán ni ìyẹn wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ fi fọ́tò gbogbo ojú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, láìlo iná fóònù, pẹ̀lú ti gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, ti ìbuwọ́lù, ti nọ́ńbà àti ti bébà yẹn láti ìtòsí. Ẹ kọ ohun tí àwọn àgbà bá sọ mọ́ ọn. Ẹ wọn gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà láìka férémù mọ́ ọn, torí kánfáàsì nìkan ni ọ̀pọ̀ ìwé àtòjọ máa ń wọ̀n.